Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Yíyan Ajá tí ó Bá Ilé Ẹni Mu

Láyé àtijọ́, ènìyàn kì í ronú púpọ̀ kí ó tó mú ajá wálé. Ẹni tí ajá rẹ̀ bá bímọ a máa fún aládùúgbò rẹ̀ ní ọ̀kan. Ọdẹ nìkan ni ó sábà máa ń fara balẹ̀ ṣa ajá yàn, nítorí pé iṣẹ́ igbó ni ó fẹ́ fi í ṣe. Lóde òní, ẹ̀yà ajá láti òkèèrè ti pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní Èkó àti Ìbàdàn. Ìbẹ̀rù olè ni ó sábà máa ń mú baálé ilé wá ajá rà, ẹwà tàbí ìtóbi ajá náà ni ó sì máa ń wò. Bẹ́ẹ̀ ilé ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò, kí ó tó wo ajá.

Iṣẹ́ ni ó bí ẹ̀yà ajá kọ̀ọ̀kan, ajá kì í sì í gbàgbé iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá ìran rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi Alsatian ṣe àpẹẹrẹ. Láàárín àwọn ajá darandaran ni ológun ará Jámánì kan, Max von Stephanitz, ti ṣa á yàn. Ní ọdún 1899 ni ó sì dá ẹgbẹ́ tí ń bójú tó ẹ̀yà náà sílẹ̀. Ajá tí a dá láti máa sáré tẹ̀lé agbo àgùntàn láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni. Bí onílé bá wá fi ṣẹ́ẹ̀nì so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé tọ̀sán-tòru, agbára tí kò rí lò lè di ìbínú. Yóò máa gbó láìnídìí, yóò máa gbẹ́ ilẹ̀, ó sì lè bu ọmọ ilé jẹ. Kì í ṣe pé ajá náà burú. Ilé ni kò bá a mu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Boerboel, ajá oko àwọn àgbẹ̀ òyìnbó ní Gúúsù Áfíríkà. Akọ rẹ̀ lè wọ̀n ju kílò 60 lọ. Ẹni tí kò lè di okùn irú ajá bẹ́ẹ̀ mú, tí kò sì ní àkókò láti kọ́ ọ, kò gbọdọ̀ rà á sí ilé tí àwọn ọmọdé àti àlejò ti ń wọlé-jáde. Ajá Caucasian ní ti rẹ̀ wá láti orí àwọn òkè olótùútù, níbi tí ó ti ń ṣọ́ àgùntàn lọ́wọ́ ìkookò. Irun rẹ̀ ki bí aṣọ òtútù. Ajá kì í sì í làágùn kárí ara bí ènìyàn. Ahọ́n ni ó ń yọ síta, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí ara rẹ̀ lè tutù. Ẹni tí ó bá so ó sínú oòrùn oṣù kẹta ń dá a lóró ni, ooru sì lè pa á.

Ẹni tí ó ń gbé yàrá méjì láàárín àwọn ayálégbé mìíràn lè rò pé ajá kékeré ni àbọ̀ ọ̀rọ̀. Lhasa Apso kò sábà ju kílò 8 lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ́nà inú ilé ni ní Tìbẹ́ẹ̀tì. Bí ẹsẹ̀ bá ń kọjá lóru, yóò gbó, gbogbo ilé ni yóò sì jí. Bí a kò bá ń fi òòyà ya irun gígùn rẹ̀ déédéé, yóò ta kókó, yóò sì di ibùgbé eégbọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú tín-ín-rín ajá ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ó bá ọ̀pọ̀ ilé mu jùlọ. Irun rẹ̀ kúrú, ooru sì ti mọ́ ọn lára. Kò tóbi púpọ̀, nítorí náà oúnjẹ rẹ̀ kì í wọ́n. Etí rẹ̀ sì mú sí àjèjì. Ohun tí ó kù fún un ni ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀ onílé fi ń dù ú: oúnjẹ tí ó ní ẹran tàbí ẹja nínú, omi mímọ́, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Kí owó tó jáde lápò, ó yẹ kí ìdílé jókòó dáhùn ìbéèrè díẹ̀. Ta ni yóò máa mú ajá náà rìn ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́? Ta ni yóò bọ́ ọ bí gbogbo ilé bá rìnrìn-àjò? Níbo ni owó dókítà ẹranko yóò ti wá? Ǹjẹ́ ẹni tí ó ni ilé gbà kí ayálégbé sin ajá? Ajá sábà máa ń lo ọdún 10 sí 13 láyé. Ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a rà á lè ti wọ Yunifásítì kí ajá náà tó kú.

Ọ̀ràn kan wà tí kò yọ ẹ̀yà kankan sílẹ̀: àrùn dìgbòlugi. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń yọrí sí nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti fún ọmọdékùnrin kan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní Faransé ni ọ̀nà àbò ti wà. Nígbà tí ọmọ ajá bá pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ yìí, kí a sì máa tún un gbà ní àsìkò tí dókítà ẹranko bá dá. Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí ó ti wù kí ọgbẹ́ náà kéré tó.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ilé tí ó ní àyè àti àkókò lè sin ajá ńlá. Ilé tí kò ní tó bẹ́ẹ̀ lè sin kékeré. Bí ilé kò bá sì lè tọ́jú ajá kankan, kí onílé ra àgádágodo tí ó lágbára. Ó sàn ju kí ó so ẹ̀dá abẹ̀mí mọ́lẹ̀ kí ó sì gbàgbé rẹ̀.