Kí Owó Sàráà Wa Má Bọ́ Sọ́wọ́ Olè

(Ọ̀rọ̀ tí Akápò ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ kìíní ààwẹ̀. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n ní kí á tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.)

Ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ tí ẹ kò tí ì fojú kan ilé, ẹ kú àìsùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbààwẹ̀, ẹ kú òùngbẹ, Ọlọ́run yóò gbà á ní iṣẹ́ rere. Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbààwẹ̀ yìí, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn yín. Olè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ Mùsùlùmí yàtọ̀ sí Kìrìsítẹ́nì. Bí ó ṣe ń wá lóṣù ààwẹ̀ náà ni ó ń wá nígbà Kérésìmesì.

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè ṣe sàráà tí olè kò fi ní í gbà á lọ. Èmi ni ó sì yẹ kó sọ ọ́, nítorí lọ́dún tó kọjá, èmi gan-an ni mo ṣe agbódegbà fún olè, láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn ààwẹ̀ ni, ìgbà tí gbogbo Mùsùlùmí ń wá òru abiyì, tí ọwọ́ ẹni ahun pàápàá ń tú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu, ife kókó ṣì wà lọ́wọ́ mi, ni iṣẹ́ kan wọ orí WhatsApp mi láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wa, ẹni tí gbogbo yín mọ̀ sí ẹni jẹ́jẹ́. Nọ́ńbà rẹ̀ ni, àwòrán rẹ̀ ni. Ó ní ọmọ àbúrò òun wà ní ilé ìwòsàn, pé bí owó iṣẹ́ abẹ kò bá pé kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀mí lè bọ́. Ó ní kí n má pe òun, ibi tí òun wà kò gba ariwo. Ó fi àwòrán ọmọ kan tí wọ́n fi rọ́bà sí nímú ránṣẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Mo tẹ nọ́ńbà àkáǹtì tí ó kọ síbẹ̀, orúkọ tó jáde kì í ṣe tirẹ̀, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn kankan. Mo rí i o! Mo sọ nínú ara mi pé bóyá orúkọ kásíà wọn ni. Mo fi ₦10,000 ránṣẹ́.

Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, ìbá mọ sórí mi. Mo gbé iṣẹ́ náà lọ sójú WhatsApp ẹ̀ka wa, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi Akápò ti dá tèmi, ó kù sọ́wọ́ yín." Kí á tó kírun Ìṣáù tán, ènìyàn 19 ti fi owó ránṣẹ́. Ìwé iṣẹ́ yìí ni wọ́n gbà gbọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Orúkọ Akápò ni olè fi gba owó wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, arákùnrin wa wọlé sẹ́nu iṣẹ́, ó ń bi wá pé kí ló dé tí gbogbo ènìyàn ń bá òun kẹ́dùn. Lọ́sàn-án àná rẹ̀ ni ẹnì kan pè é, tí ó ní àwọn ń pín ìrẹsì ààwẹ̀, pé kí ó ka nọ́ńbà mẹ́fà tí yóò wọ orí fóònù rẹ̀ fún òun, kí òun lè fi kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kà á. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́ta, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí àga rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: káàdì fóònù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní mo pè é bí a ṣe ń pe ènìyàn látijọ́, tí n kò gba orí WhatsApp, òun fúnra rẹ̀ ni ìbá gbé e, ọ̀rọ̀ ìbá sì tán níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí olè fi ní kí n má pe òun.

Owó lọ. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tó ku díẹ̀ kí á ṣe Iléyá, ìyàwó olóògbé kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀ka yìí wá sí ìpàdé wa fún ìrànlọ́wọ́ owó ilé ìwé ọmọ. Akọ̀wé gbé àwo káàkiri. Kò pé ₦5,000. Ẹnì kan sì sọ ọ́ sókè pé, "Akápò, ṣé ọlọ́mọ rọ́bà nímú ni èyí náà?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Ẹni tí olè yẹn jà lólè jù nínú wa nìyẹn, kò sì sí lára àwa 20 tí a fi owó ránṣẹ́.

Àwọn kan ń sọ pé bí ènìyàn bá ti ń wádìí kí ó tó tọrẹ, kì í ṣe sàráà mọ́, pé Ọlọ́run mọ èrò ọkàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Àlùkùránì fúnra rẹ̀ ka irú ènìyàn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, nínú Súrà kẹsàn-án, ẹsẹ 60. Aláìní wà níbẹ̀, onígbèsè wà níbẹ̀, arìnrìn-àjò tí ọ̀nà há mọ́ wà níbẹ̀. Bí ẹ̀sìn bá ti dárúkọ ẹni tí owó tọ́ sí, ǹjẹ́ kò yẹ kí á béèrè pé ta ni ó ń gbà á? Sàká tí ó jẹ́ ₦2.50 nínú ₦100, lórí owó tó bá tó iye gíráàmù wúrà 85 tí ó sì pé ọdún kan lọ́wọ́ ẹni, kì í ṣe owó tí a ń sọ sínú òkùnkùn. Ti jáká ìtúnu tilẹ̀ dára púpọ̀ ní tirẹ̀: oúnjẹ ni, ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì lọ́nà mẹ́rin fún orí kọ̀ọ̀kan nínú ilé, kí á tó kírun Yídì. Ẹ gbé e lọ fún aládùúgbò yín. Mo fẹ́ rí olè ojú fóònù tí yóò jí ìyẹn.

Àwa òṣìṣẹ́ náà ni. Bí wọ́n bá yọ ₦200 nínú owó oṣù wa láìṣàlàyé, a óò kún ọ́fíìsì ọ̀gá fọ́fọ́. Ẹ jẹ́ kí á lo ojú kan náà fún àwọn tó ń tọrọ sàráà lọ́wọ́ wa.

Ẹni tí ó bá ń lé yín sáré ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ilé ìwòsàn ní ibi tí wọ́n ti ń gbowó, ẹ rán ẹnì kan lọ síbẹ̀ kí ó san án, kí ó sì gba rìsíìtì. Bí ohùn àlùfáà tí ẹ mọ̀ bá ń tọrọ owó lórí fóònù, ohùn náà kò tó ẹ̀rí mọ́. Ẹ̀rọ ti wà báyìí tí ń sín ohùn ènìyàn jẹ. Ẹ pè é lórí nọ́ńbà tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú ni, àjọ CAC ní ń forúkọ wọn sílẹ̀, ẹ sì lè wá orúkọ ẹgbẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn láìsan kọ́bọ̀. Ẹ wo orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí olè a máa yí ẹyọ kan padà. Kí àkáǹtì náà sì jẹ́ ti ẹgbẹ́, kì í ṣe ti ẹnì kan. N kò sọ pé ìforúkọsílẹ̀ ni ìwà òótọ́ o. Ẹ ṣì béèrè ohun tí wọ́n fi owó èṣí ṣe.

Ẹni tí ó fẹ́ fún yín ní ìrẹsì kò nílò BVN yín, kò nílò nọ́ńbà káàdì báńkì yín, kò sì nílò nọ́ńbà mẹ́fà kankan. Ẹ bẹ àwọn ọmọ yín lálẹ́ òní kí wọ́n bá yín fi nọ́ńbà àṣírí kejì sí WhatsApp yín. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín mọ́lé bíi tèmi. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi dákẹ́. Ẹ pe báńkì yín ní wákàtí yẹn gan-an, bóyá owó ṣì wà níbi tí ó dé kí wọ́n lè dá a dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí àjọ EFCC. Òfin jìbìtì ti ọdún 2006 sọ pé ẹni tó bá fi irọ́ gba owó ẹlòmíràn yóò ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 7, tí kò sì ju 20 lọ, láìsí owó ìtanràn dípò rẹ̀.

Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, tí wọ́n sì ti gbà, ni pé láti òní lọ, ẹ̀bẹ̀ owó kankan kò gbọdọ̀ dé ojú WhatsApp ẹ̀ka àfi bí ènìyàn méjì bá ti fojú rí ẹni tó ń tọrọ. Èmi Akápò kò yọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, èmi àti Akọ̀wé lọ sílé ìyàwó olóògbé wa. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbàgbé, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó ti gbàgbé. A lọ sí ilé ìwé ọmọ náà lọ́jọ́ Ajé, a rí ọ̀gá ilé ìwé, gbèsè tí ọmọ jẹ wà nínú ìwé yìí, àkáǹtì ilé ìwé sì ni, kì í ṣe tèmi. Mo ti kọ orúkọ mi síbẹ̀. Ìwé náà wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé yóò ka rìsíìtì sí yín létí ní ìpàdé tó ń bọ̀.