Afẹ́fẹ́ Tí A Ń Mí ní Ìgbà Ọyẹ́

Bí oúnjẹ kò bá mọ́, a lè kọ̀ ọ́. Bí omi bá dọ̀tí, a lè dà á nù. Ṣùgbọ́n ẹni tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò mọ́, kí ni yóò mí ní ipò rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ìlú wa tẹ̀dó sí. Etí ààlà ni Emùré wà. Láti ọdún 1996 tí a ti dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa, inú ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó ń bọ́ sí. Ènìyàn ni ó pa ààlà náà. Afẹ́fẹ́ kò mọ̀ ọ́n.

Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń jọba lórí wa. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, èyí tí ó ti orí òkun wá ni ó ń fẹ́. Òjò rẹ̀ a sì máa fọ eruku àti èéfín kúrò lójú ọ̀run. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn a gba ipò rẹ̀: èyí ni ọyẹ́. Ní ilẹ̀ Chad, ibì kan wà tí a ń pè ní Bodélé, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tí ó ti gbẹ láti ìgbà pípẹ́. Afẹ́fẹ́ a máa fún ara rẹ̀ gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi, a sì gbé erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú ibẹ̀ dání. Púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ ti rin ìrìn tí ó ju 1,500 kìlómítà lọ kí ó tó bà lé aṣọ tí a sá.

Eruku tí ojú rí kọ́ ni ó burú jù. Èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bí ọgbọ̀n rẹ̀ fi lè tò sórí ìbú irun orí kan ṣoṣo, òun ni ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Irú rẹ̀ kan náà sì wà nínú èéfín.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ti rí Olósùnta ní Ìkéré mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní òru ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kò sí ìkúùkù lójú ọ̀run, ilẹ̀ a tètè tutù. Afẹ́fẹ́ tútù a wúwo, a sì sàn lọ sí àfonífojì. Èyí tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ a dúró lókè rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín tí a bá dá ní ìrọ̀lẹ́ kò rí ọ̀nà gbà jáde. Àárín wa ni yóò sùn, títí oòrùn yóò fi mú ilẹ̀ gbóná ní ọjọ́ kejì.

Ẹ wá wò ó: ìrọ̀lẹ́ gan-an ni a ń sun pàǹtírí, tí a ń kó igi tútù sí ìdí ààrò, tí ìyá ń yan gàrí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Eruku Chad ti wà nílẹ̀. A tún fi tiwa kún un.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí yóò sun oko dúró di ọ̀sán tí afẹ́fẹ́ ń gòkè, kí ó sì kọ́kọ́ ro ẹ̀bá rẹ̀ kí iná má bàa ràn. Ẹ má ṣe sun ọ̀rá láéláé. Ẹ jẹ́ kí igi gbẹ dáadáa kí a tó dá a. Ẹ ṣí ojú ihò fún ilé ìdáná, kí a sì gbé ọmọ jìnnà sí ìdí ààrò. Ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú gidigidi, kí arúgbó àti ẹni tí ó ní ikọ́ fée má ṣe jáde láìnídìí.

Ẹ sì jẹ́ kí a bá àwọn aládùúgbò wa tí oko wọn wà ní ìhà kejì ààlà sọ ọ́. Àwọn àgbà wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kì yóò jẹ́ kí a sùn lóru. Kò sí ẹni tí ó lè dá ọyẹ́ padà; ṣùgbọ́n iná wà ní ìkáwọ́ wa.