Bí Táyà Bá Ń Gbo Fẹ́ńdà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àpapọ̀)

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, mi ò kì í ṣe mekáníìkì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó tì wọ́n bèèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo sì rí àwọn ọkọ̀ tí a páàkì síta, tí wọ́n ti mú wálẹ̀, tí ríìmù wọn fẹ̀ bí ìdí odó, mo mọ ohun tí n ó sọ. Wọ́n rẹwà. Àmọ́ táyà àwọn kan ti ń gbo fẹ́ńdà. Mi ò ní dárúkọ, olówó ọkọ̀ mọ ara rẹ̀.

Ariwo tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí èrò bá kún ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í ṣe ariwo lásán. Ètè irin abẹ́ fẹ́ńdà ló ń fá táyà. Bó bá lọ jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ló ń fá, ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́ jù. Okùn inú rẹ̀ á já, táyà á sì bẹ́ lórí eré. Ní màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ nínú ọkọ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Golf 4. Táyà 195/65R15 wà lára èyí tí wọ́n ṣe é mọ́. 195 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ náà, ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 15. Àpapọ̀ gíga táyà náà jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 634. 205/55R16 jẹ́ 632. 225/45R17 jẹ́ 634. Ríìmù ń tóbi, ẹ̀gbẹ́ táyà ń kéré, gíga ò yí padà. Ẹni tó bá ra 225/55R17 torí pé ó rí i ní ẹ̀dínwó, 679 ló gbé wálé!

Gíga nìkan kọ́ o. Ẹ wo inú ríìmù, ẹ ó rí ET pẹ̀lú nọ́ńbà. Àwọn tó ń ta ríìmù tòkunbọ̀ kì í sábà mẹ́nu bà á. Ó ń sọ bí ojú ibi tí ríìmù ti so mọ́ ọkọ̀ ṣe jìnnà sí àárín fífẹ̀ rẹ̀. Bí ET bá ṣe ń kéré sí i ni ríìmù ń yọ síta. Bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń wọlé tọ ṣọ́ọ̀kù lọ. Ríìmù ínṣì 6, ET38, wà lára ti Golf 4. Ẹ fi ínṣì 8, ET35, rọ́pò rẹ̀: á yọ síta ní mìlímítà 28, á wọlé ní 22. Ó ju ínṣì kan lọ síta! Níbo ni ẹ fẹ́ kó gbà? Ínṣì 7, ET38, kò fi ju mìlímítà 13 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi ò ní kọjá ibẹ̀ lórí ọkọ̀ tó ń gbé ìdílé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n de ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Ẹ yí sítíárìn tán sọ́tùn-ún, tán sósì, kí ẹ wo àyè tó kù sí ṣọ́ọ̀kù àti okùn búrẹ́ẹ̀kì. Kí ènìyàn mẹ́ta tó sanra jókòó sẹ́yìn (wọn ò wọ́n wa nínú gbọ̀ngàn yìí). Ẹ fi ẹfun pa etí fẹ́ńdà nínú, kí ẹ rọra wakọ̀ gba ojú kòtò. Bí ẹfun bá yí táyà, ó ń gbo nìyẹn.

Ní ti mímú ọkọ̀ wálẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gáàsì yọ́ sípíríǹgì. Iná ń ba líle irin náà jẹ́. Ẹ ra sípíríǹgì kúkúrú tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yẹn gan-an. Mìlímítà 30 ti tó lórí ọ̀nà tiwa. Kí ẹ sì ṣe àláínmẹ́ǹtì lẹ́yìn rẹ̀.

Bó bá ku díẹ̀ tó ń gbo, pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó mọṣẹ́ lè ká ètè fẹ́ńdà wọlé. Kó kọ́kọ́ fi ooru rọ ọ̀dà kí ó má baà sán, kó ká a díẹ̀díẹ̀, kó sì kun ún padà nítorí ìpẹtà. Bó bá na ọwọ́ sí òòlù, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Alága ti ń wo aago. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bọ́ síta, ká jọ bẹ̀rẹ̀ wò ó.