Amọ̀ Tí Iná Sọ Di Òkúta

 Ọ̀rọ̀ àwo ìjẹun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ará Ọ̀kà kò ṣàjèjì sí òkúta. Bí òjò àti oòrùn bá ti ń na irú òkúta bẹ́ẹ̀ fún àìmọye ọdún, apá kan nínú rẹ̀ a máa jẹrà di amọ̀. Amọ̀ yìí ni àwọn ìyá wa ní Ìṣàn-Èkìtì àti Ìlọrin ń fi ọwọ́ mọ, tí wọ́n sì ń fi igi àti koríko sun ní gbangba. Iná bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi a máa yọ́ jáde lára ìkòkò náà, òun ló sì ń mú omi àmù tutù. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé amọ̀ tí ó yẹ sínú ààrò tí a mọ yíká, tí iná rẹ̀ dé 1200 sókè, yóò le bí òkúta, omi kò sì ní í ríbi gbà jáde mọ́.

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nídìí irú àwo yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Josiah Wedgwood, tí a bí ní 1730 sí ìdílé amọ̀kòkò. Láyé rẹ̀ ni wọ́n ń wú Pompeii jáde lábẹ́ eérú òkè oníná, tí àwọn ọlọ́lá Yúróòpù sì ń fẹ́ kí ohun ìní wọn jọ ti ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́. Wedgwood mọ ohun tí ọjà ń fẹ́. Ó ṣí ilé iṣẹ́ Etruria ní 1769, ó ṣe àwo dúdú bí èédú, ó sì tún ṣe aláwọ̀ búlúù tí àwòrán òrìṣà Gíríìkì yọ funfun lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nídìí àwo dúdú yẹn. Nínú lẹ́tà kan ní 1772, Wedgwood kọ ọ́ pé òun ń retí kí ọwọ́ funfun máa gbayì lọ, kí òun lè máa ṣe ìkòkò tíì dúdú. Dúdú ni yóò gbé ẹwà funfun yọ! Ṣúgà inú tíì ọ̀hún ńkọ́? Òógùn ẹrú Adúláwọ̀ ní Jàmáíkà ni. Síbẹ̀, ní 1787, ọkùnrin yìí kan náà fi amọ̀ rẹ̀ ṣe àmì kékeré kan: ẹrú dúdú kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́, ó ń béèrè bóyá òun kì í ṣe ènìyàn àti arákùnrin. Ó pín in lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn obìnrin fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ara, ó sì ran àwọn tí ń bá òwò ẹrú jà lọ́wọ́ púpọ̀. Mo yìn ín. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nílé wa, obìnrin ló ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀. Ta ni ọkùnrin yìí ń kúnlẹ̀ fún?

Irú amọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wa náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Michael Cardew dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ amọ̀kòkò sílẹ̀ ní Abuja ìgbà náà, tí à ń pè ní Suleja báyìí. Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, dé ibẹ̀ ní 1954. Ó ti mọ ìkòkò mọ láti kékeré. Ààrò gbígbóná ni ó bá níbẹ̀. Ọwọ́ ló ṣì fi ń mọ ìkòkò ńlá rẹ̀, ó sì ń fín aláǹgbá àti àkekèé sí i lára. Ó kú ní 1984. Àwòrán rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn owó ogún náírà.

Iṣẹ́ Wedgwood àti ti Ladi Kwali jọ wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2014, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá mílíọ̀nù 15.75 pọ́ùn jọ kí a má baà tú àkójọ Wedgwood ká. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí àmù àtijọ́ ní ẹ̀yìnkùlé ìyá yín àgbà, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó mọ ọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìyá tó gbàgbé. Ó yá, olóòtú, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn yòókù.