Télọ̀ Tó Mọ Èjìká Ẹni

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjẹ ìpadàpọ̀ ẹgbẹ́ wa ní Abẹ́òkúta

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n ní ohun tó bá wù mí ni kí n sọ, kí n má ṣáà ti fa òṣèlú wọ̀ ọ́. Oníròyìn tí ẹ bá ní kó má sọ òṣèlú, ọ̀rọ̀ aṣọ ló kù tó máa sọ.

Ìbéèrè kan wà tí àwa tí a wà ní London, ní Houston, ní Toronto máa ń bi ara wa ṣáá: níbo ni èèyàn ti lè rí télọ̀ gidi tó máa rán kóòtù fún un? Kì í ṣe kóòtù orí hángà o. Èyí tí wọ́n wọn ẹni fún, tí wọ́n gé fún ara ẹni. Ẹ má fojú kéré ìbéèrè náà. Kóòtù la máa wọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò fún iṣẹ́, òun la máa wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá wa. Bí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú bá sì di ti adájọ́, kóòtù náà la máa wọ̀ lọ sí kóòtù. Òyìnbó tí kò mọ orúkọ bàbá wa, ohun tó wà lọ́rùn wa ló kọ́kọ́ ń kà.

Èyí tó wà lórí hángà kì í sì í bá ọ̀pọ̀ wa mu. Bí wọ́n ṣe ń tà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ni pé ìbàdí ṣòkòtò máa ń fi ínǹṣì 6 kéré sí àyà kóòtù. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá jẹ́ 42, wọ́n ti gbà pé ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 36. Ẹ wò mí, ẹ wo ara yín. Ẹlòmíràn nínú wa, itan rẹ̀ kò ní wọ ṣòkòtò yẹn. Ẹlòmíràn, iyán ti gba iwájú rẹ̀, ínǹṣì mẹ́fà yẹn ti tán pátápátá. (Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.)

Ẹ̀gbá kì í ṣe àjèjì sí kóòtù. Ọdún 1830 ni àwọn bàbá wa tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́. Láti 1839 lọ, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ sí Freetown, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Àwọn là ń pè ní Sàró. Wọ́n ti kọ́ ìwé, wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, aṣọ òyìnbó ló sì wà lọ́rùn púpọ̀ nínú wọn. Henry Townsend tí a kọ́ nípa rẹ̀ nínú ìtàn, oṣù January 1843 ló kọ́kọ́ wọ ìlú yìí. Aṣọ òyìnbó ti ṣáájú òyìnbó dé. Townsend yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, nítorí náà àwa oníròyìn àti àwọn oníkóòtù, ọ̀nà kan náà la fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ̀lú.

A sì tún ní àwọn tó bọ́ kóòtù àti gáùn sílẹ̀. Màmá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kàwé ní England láti 1919 sí 1922. Nígbà tó ń ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, ó pa aṣọ òyìnbó tì, ó ní ti ilé lòun ó máa wọ̀, nígbà tó sì lọ sí London ní 1947, ìró àti bùbá ló wọ̀ lọ. Mo mẹ́nu ba Màmá nítorí ohun kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n lónìí. Ìró àti bùbá, aṣọ tó lè rìnrìn àjò ni. Ẹni tó wà ní Ìtókú lè rán an fún ẹni tó wà ní London láì tíì fojú kàn án rí. Agbádá náà bẹ́ẹ̀. Agbádá a máa bo àṣírí. Ẹni tó sanra lọ́dún yìí, agbádá èṣí ṣì gbà á. Kóòtù kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni, títú ló ń tú u.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń pàdánù owó nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ jáde, tó wà ní Manchester, fi nọ́ńbà ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí télọ̀ kan nílé lórí WhatsApp: àyà, ìbàdí, apá, gbogbo ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló fi téèpù wọ̀n ọ́n ní yàrá. Ọwọ́ télọ̀ náà mọ́, agbádá tó ti ń rán fún un tẹ́lẹ̀ kò ní àbùkù. Kóòtù dé nínú ẹrù ẹnìkan tó ń bọ̀ láti Èkó. Gbogbo nọ́ńbà pé pérépéré, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni wọ́n ṣe rán an. Àmọ́ nígbà tó wọ̀ ọ́, ọrùn aṣọ ṣí kúrò lára ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn, èjìká òsì sì rọ̀ bí ewé kókò tí oòrùn pa. Ta lẹ fẹ́ bá wí? Téèpù kò lè sọ fún télọ̀ pé èjìká kan rẹlẹ̀ ju ìkejì lọ. Kò lè sọ pé ẹ̀yìn èèyàn ti tẹ̀ nítorí ọdún mẹ́wàá tó ti fi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ojú ló ń rí ìyẹn, ojú ẹni tó dúró lẹ́yìn ẹni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Apá kóòtù tó gùn, a lè gé e, àfi bí wọ́n bá ti la ihò bọ́tìnnì sí i lọ́wọ́. Ṣòkòtò tó fẹ̀, a lè fún un. Ṣùgbọ́n èjìká tó bá ti yẹ̀, télọ̀ tó bá bẹ̀rù Ọlọ́run á sọ fún ẹ pé kí o fi owó ẹ ra òmíràn, nítorí pé títú u tún rán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iṣẹ́ kóòtù tuntun. Ìdí nìyí tí télọ̀ gidi fi ń ní kí ẹni wá wọ̀ ọ́ wò kó tó parí. Lákọ̀ọ́kọ́, òwú funfun tí wọ́n máa tú kúrò ni wọ́n fi mú un pọ̀. Á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i lára rẹ, á gún un ní pín-ìn-nì, á fa apá rẹ̀ yọ, ìwọ á rò pé ó ń ba aṣọ jẹ́. Níbi tó ti ń bà á jẹ́ yẹn ló ti ń di tìrẹ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá télọ̀ lókè òkun, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi í kì í ṣe iye owó. Èmi á bi í pé: ìgbà mélòó ni mo máa wá wọ̀ ọ́ wò? Bó bá ní, “Má ṣèyọnu, lọ́jọ́ tó bá parí ni kó o wá gbà á,” mo ti kí i pé ó dàbọ̀. Ìkejì, ta ló ń gé aṣọ náà, níbo ló sì wà? Ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ ló wà tó jẹ́ pé wíwọ̀n nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, orílẹ̀-èdè míì ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gé e. Ìyẹn náà ní àǹfààní tirẹ̀, owó rẹ̀ kò gani lára, ó sì sàn ju ti orí hángà lọ. Kí a ṣáà mọ ohun tí a ń rà. Ọ̀rọ̀ tó wà lára pátákó kò lè sọ ọ́ fún wa mọ́: ní 2008, àjọ tó ń rí sí ìpolówó ọjà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀rọ gé aṣọ lè pe tirẹ̀ náà ní bespoke.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn ará Savile Row fi ń jẹun. Òpópónà tí mò ń wí yìí kò gùn tó láti ibí dé Sàpọ́n, ṣùgbọ́n ní 1846 ni ẹnu ọ̀nà Henry Poole kọ́kọ́ ṣí síbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí àwọn télọ̀ ibẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2004 ní iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára kóòtù àti ṣòkòtò kan kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 50. Owó rẹ̀ ju £5,000 lọ dáadáa, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí n fi àkókò yín ṣòfò níbẹ̀. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni àwọn èèyàn wa. Andrew Ramroop, ọmọ Trinidad, dé London ní 1970. Ní 1988, òun ló ra Maurice Sedwell tó ti ń ṣiṣẹ́ fún. Ozwald Boateng, ọmọ Ghana tí wọ́n bí ní London, ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí ẹnu òpópónà náà ní 1995; ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, máṣíìnì ìyá rẹ̀ ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní bí ẹnìkan bá ní òun ó dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Àwọn wọ̀nyí, ẹ wo ọrùn wọn.

Fún àwa tí a ń gba owó oṣù, ọ̀nà tó rọrùn wà. Ẹ wá ẹni tó ń tún aṣọ ṣe ládùúgbò yín, bóyá nínú ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀. Ó lè jẹ́ ará Tọ́kì, ó lè jẹ́ ará Íńdíà, ó lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham. Ẹ gbé ṣòkòtò kan fún un kó gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo inú rẹ̀, kì í ṣe ìta: ṣé òwú náà wà létòlétò? Ṣé ó fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú fún ọjọ́ iwájú? Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó rán odindi ṣòkòtò. Bó bá yege, ẹ tó gbé kóòtù fún un. Púpọ̀ nínú àwọn télọ̀ wa ní Peckham, aṣọ ẹbí ni wọ́n mọ̀ ọ́n rán jù, òkìkí wọn níbẹ̀ kò sì ní kí wọ́n mọ kóòtù. Ẹ̀rí ni kí ẹ bèèrè.

Ti aṣọ ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń pè ní káṣímíà lọ́jà wa nílé, púpọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irun ewúrẹ́ kankan, pọliẹ́sítà ni. Ó ń dán, kì í tètè rún, ó sì dára fún sẹ́nétọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi rán kóòtù, kí ẹ wọ̀ ọ́ wọ tréènì London nígbà òtútù tí wọ́n tan hítà, òógùn á bò yín. Irun àgùntàn ni kí ẹ rà, bí èyí tí wọ́n ń hun ní Huddersfield.

Ẹni tó bá sì ní dandan, télọ̀ ilé lòun fẹ́, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Kó ra aṣọ dání. Kó jẹ́ pé lọ́jọ́ tó bá dé ni yóò lọ wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta kó tó wọ bàlúù. Bó bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè wọ̀ ọ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Kó sì mú kóòtù kan tó bá a mu dání. Nọ́ńbà lè ṣini lọ́nà, kóòtù tó bá ara mu kì í ṣini.

Ẹ̀dùn ọkàn mi nìyí, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Bàbá tó rán káákì fún wa nígbà tí a wà níléèwé ṣì wà o. Mo lọ kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú wọn ti lọ sí èjìká mi kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Nígbà ayé wa, ọmọ iṣẹ́ bíi mẹ́fà ló ń jà sí áyọ́ọ̀nù nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Báyìí, máṣíìnì mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó jókòó sí i. Bàbá ní àwọn ọmọ kò fẹ́ kọ́ kóòtù mọ́, ó pẹ́ jù. Sẹ́nétọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ kọ́, kí wọ́n tètè ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó tí Bàbá fi ń tan jẹnẹrétọ̀ ti ju ohun tí wọ́n ń rí lórí káákì lọ.

Àwa náà sì wà níbẹ̀ o. Ẹni tó san £20 ní London kí wọ́n ṣáà gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò fún un, kò yọ ẹnu. Ó dé Abẹ́òkúta, ó ń bá Bàbá nájà lórí kóòtù tó gba ọ̀sẹ̀ méjì, á tún san ìdajì, á ní òun ó fi ìyókù ránṣẹ́. Àwọn kan wà nínú yàrá yìí tí ìyókù yẹn kò tíì dé. Bàbá kò dárúkọ yín fún mi, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò kúrò níbi tí ẹ mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n máa ń ṣí i láago mẹ́jọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín kóòtù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ nínú àti èyí tí wọ́n fi ọwọ́ rán, tèmi tí mo wọ̀ yìí, Bàbá ló rán an. Bí a bá ń jẹun, ẹ wá fi ìka méjì fún iwájú rẹ̀ wò, lábẹ́ bọ́tìnnì. Ẹ máa rí i pé aṣọ òde àti ti inú yà sọ́tọ̀ lọ́wọ́ yín. Kí ẹ ṣáà ti kọ́kọ́ nu ọ̀rá ẹran kúrò lọ́wọ́.