Orin, Iṣẹ́ àti Gángan Ara Ògiri
(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá)

Ọdún mẹ́wàá rèé tí mo ti ń fi lẹ́tà ìpàdé àti owó oṣooṣù dà yín láàmú. Lónìí, mi ò ní sọ̀rọ̀ owó. Orin tí mo fẹ́ràn ni mo fẹ́ sọ, àti iṣẹ́, àti bí a ṣe ń jayé wa.

Àwọn aládùúgbò mi mọ̀ pé aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde nílé. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, orin ni ẹnìkejì mi. Àwọn ọmọ mi ní orin àwọn bàbá àgbà ni mò ń gbọ́, wọn ò parọ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Ebenezer Obey gbé jáde ní 1973, wọn ò tíì bí ẹnì kankan nínú wa nígbà náà. Ẹ rántí ìtàn inú rẹ̀: bàbá kan, ọmọ rẹ̀, àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn. Bàbá gùn ún, aráyé bú u. Ọmọ gùn ún, wọ́n bú u. Àwọn méjèèjì gùn ún, wọ́n ní ìkà ni wọ́n. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní wọn ò gbọ́n.

Ìgbà tí a wà ní kékeré, ijó lásán la fi ń jó. Àmọ́ nígbà tí owó náírà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, mo mọ̀ pé àwa òṣìṣẹ́ báńkì ni bàbá yìí ń kọrin fún! Bí a bá san ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kó lè kárí, àwọn tó wà níwájú ní ìkà ni wá. Bí a bá san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, àwọn tó wà lẹ́yìn ní a ti jẹ owó àwọn. A ti géètì, wọ́n ní a ń kó owó fún àwọn oní-POS láti ẹ̀yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀, èmi tí mò ń kà á, mi ò ní èyí tí mo lè fi ra búrẹ́dì lọ sílé. Lálẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń gbọ́ orin náà nínú mọ́tò kí n tó wọlé. Kò sọ owó di púpọ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbé èébú káńtà wọlé fún ìyàwó mi.

Èkejì ni ti Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tó fi àpàlà ki Òròkí Social Club ti Òṣogbo ní 1971. Bàbá yìí kì í kánjú, ìjókòó ló ti máa ń kọrin. Láti 1983 ló ti dolóògbé, síbẹ̀ ẹni tí kò dé Òṣogbo rí mọ orúkọ ẹgbẹ́ yẹn. Àwa ńkọ́? Ẹ wo fọ́tò inú ìwé yìí dáadáa. Gbogbo ibi tí a ti ń jó, ìnáwó òkú ni, tàbí ìgbéyàwó ọmọ ẹlòmíràn. A kì í pe onílù fún ara wa.

Ọ̀gá mi kan wà ní báńkì tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 2005, nígbà tí wọ́n ń da báńkì pọ̀ mọ́ra, tí 89 di 25, tí gbogbo wa ń gbàdúrà kí orúkọ wa má bọ́ sínú ìwé ìdádúró, ṣe ló ń fi ìka lu tábìlì. Ó ní bí òun bá fẹ̀yìntì, òun yóò lọ kọ́ gángan. Ó fẹ̀yìntì lóòótọ́, ó ra gángan. Ṣùgbọ́n àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá òsì rẹ̀, apá òsì yẹn ló sì yẹ kó máa fi fún ọṣán mọ́ ìhà. Ara ògiri pálọ̀ ni gángan náà wà. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní kí n gbé e sọ̀kalẹ̀, kí n lù ú fún òun. Ohun tí mo lù kò jọ ìlù. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀ ṣe fàájì. Iṣẹ́ yìí ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ń sọ pé ó di ìgbà tí àwọn bá parí ilé, àwọn mìíràn ní ó di àádọ́ta ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́ sínú mọ́tò kí aya wọn má baà rí i. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan o.

Ohun tí mo bẹ ìgbìmọ̀ ni pé kí a ya ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan sọ́tọ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kò sí aṣọ ẹgbẹ́, kò sí ìkówójọ, kò sí owó ìtanràn. Kí oníkálùkù mú orin kan wá, kó sọ ìdí tó fi fẹ́ràn rẹ̀. Akápò ní kò sí owó. Mo ní a ò bèèrè owó. Pálọ̀ mi la ó ti bẹ̀rẹ̀, ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀. Mo ti bá ọmọ àyàn kan sọ̀rọ̀, yóò mú gángan mẹ́ta wá fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá mi náà ti ní òun ń bọ̀. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.