Nígbà Tí Ẹ̀jẹ̀ Bá Ki Jù

Nígbà tí àrùn Kòrónà gbòde lọ́dún 2020, ẹ̀dọ̀fóró ni gbogbo ojú kọ́kọ́ wà. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àìsàn náà wọ̀ lára gan-an ń dì nínú iṣan: ní ẹsẹ̀, ní ẹ̀dọ̀fóró, nígbà mìíràn nínú ọpọlọ.

Ní Yunifásítì Emory, nílùú Atlanta, wọ́n wọn bí omi inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn Kòrónà 15 ṣe ki tó. Lórí òṣùwọ̀n wọn, 1.4 sí 1.8 ló bójú mu. Gbogbo wọn ló kọjá rẹ̀. Ti ẹnì kan tiẹ̀ dé 4.2! Gbogbo àwọn tí tiwọn ju 3.5 lọ ni ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lára.

Kí ló fà á? Bí ara bá ń bá kòkòrò jà, ẹ̀dọ̀ a máa da èròjà kan tó ń jẹ́ fibrinogen sínú ẹ̀jẹ̀. Òun náà ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá lójú ọgbẹ́. Bó bá wá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ a máa wọ́ bí ẹ̀kọ tí omi rẹ̀ kò tó. Ìdùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì náà tún ń dá kún dídì ẹ̀jẹ̀.

Abẹ́rẹ́ heparin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni wọ́n sábà máa ń fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọsíbítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fúnra yín lọ ra irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní kẹ́míìsì. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìdúró. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, tó ń dunni, tàbí tí àyà ń dunni tí èémí kò já gaara, ọsíbítù yá.